Àsọṣáájú ni, kì í ṣe ìbàtànjẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka àbá mẹ́ta tó wà nílẹ̀ fún orúkọ Yorùbá tí a ó pe ohun tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù ń pè ní spoiler, ìyẹn kí ẹnì kan sọ ibi tí fíìmù já sí kí ẹlòmíì tó wò ó. Ẹnì kan ní ìbàtànjẹ́, ẹnì kan ní òfófó, ẹnì kẹta ní àgbọ́tẹ́lẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fa ìbàtànjẹ́ yọ, kì í ṣe inú ohun tó ń ṣe ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún. Nígbà tí fíìmù Avengers: Endgame jáde ní 2019, Anthony àti Joe Russo tó darí rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn olólùfẹ́, wọ́n ní kí wọ́n má sọ ibi tó já sí fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ọ̀rẹ́ mi kan wò ó ṣáájú mi, ó sì fi gbólóhùn kan ránṣẹ́: "Ó mà kú o!" Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Fún odindi ìṣẹ́jú 181, akọni tó bá ti ṣubú, àyà mi á já: ṣé eléyìí ni? Fíìmù ò bàjẹ́ o, mo ṣì sunkún níbẹ̀. Ìyàlẹ́nu ni wọ́n gbà mọ́ mi lọ́wọ́.

Àṣírí èèyàn ni olófòófó ń gbé kiri, kì í ṣe ti ìtàn. Àgbọ́tẹ́lẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù, àmọ́ òwe ti gbà á: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó gbọ́ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀ yè ni.

Àsọṣáájú ni èmi fara mọ́. Ẹni tó sọ ọ́ ni asọṣáájú. Ẹ lè ní ó jọ àsọtẹ́lẹ̀. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò tíì dé ni wòlíì ń sọ. Asọṣáájú ti wò ó tán.

Ẹ yàgò o! Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù The Empire Strikes Back ti 1980, kó fo ìpínrọ̀ tó kàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya ibi tí Luke, akọni fíìmù náà, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ baba rẹ̀, irọ́ ni wọ́n fún David Prowse, tó wọ aṣọ Darth Vader, ọ̀tá Luke, kà: pé Obi-Wan, olùkọ́ Luke, ló pa baba rẹ̀. Wọ́n ti rọra sọ òótọ́ fún Mark Hamill tó ṣe Luke kí wọ́n tó yà á. Ohùn James Earl Jones, tí wọ́n fi rọ́pò ti Prowse, ló wá sọ ọ́ fún aráyé pé Vader gan-an ni baba. Àsọṣáájú ni wọ́n ń sá fún, láàárín ara wọn pàápàá.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kígbe yàgò lókè yẹn ni. Àwọn kan ń wá gbólóhùn gígùn fún ìkìlọ̀ tí à ń kọ ṣáájú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tó gbé omi gbígbóná kì í ṣàlàyé: yàgò! Kálukú á yà fúnra rẹ̀.

Ó ku ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ sọ ibi tí fíìmù já sí. Mi ò ní fẹ́ ká pe onítọ̀hún ní asọṣáájú. Ó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, ohun tí a sì ti ń wí náà nìyẹn tẹ́lẹ̀.