Ìmọ̀ràn: Fíìmù ẹ̀rù tí wọn ò fi owó ńlá ṣe, tí òkìkí rẹ̀ ò sì kàn

Ààjìn
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹ̀rù. Mo ti wo gbogbo èyí tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro, débi pé bí ilẹ̀kùn bá ti dún kíì báyìí, mo ti mọ ẹni tó máa kú. Èyí tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe, tí àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, ni mo ń wá. Ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ ò bá mi lára mu: èébì ló máa ń gbé mi, ẹ̀rù kì í bà mí. Òru ni mo máa ń wò ó, èmi nìkan, íápíìsì á wà létí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bó ṣe parí fún mi.

Ṣégilọlá
The Conjuring! Wàá lálàá burúkú.

Ààjìn
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ogún mílíọ̀nù dọ́là kì í ṣe owó táṣẹ́rẹ́ níbi tí mo wà.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì
Ọ̀dọ̀ àgbà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò. Carnival of Souls, 1962. Herk Harvey tó darí rẹ̀, fíìmù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ilé ìwé àti iléeṣẹ́ ló fi ń jẹun ní Kansas. Ó ń wakọ̀ kọjá ní Utah lọ́jọ́ kan ló rí gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n ti pa tì sẹ́bàá adágún omi iyọ̀, Saltair ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Nǹkan bí 33,000 dọ́là ni wọ́n ná sí i. Ọmọbìnrin kan tó ń tẹ dùùrù ni. Mọ́tò tó wà nínú rẹ̀ já sódò, òun nìkan ló rìn jáde, àtìgbà náà ni ọkùnrin kan tójú rẹ̀ funfun bí ẹfun ti ń yọ sí i kiri. Harvey fúnra rẹ̀ ló kun ojú, tó ṣe ọkùnrin yẹn.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ, àwọn kan nínú àwọn òṣèré yẹn le bíi pákó. Fara dà á. Dùùrù tó ń dún lábẹ́ gbogbo ẹ̀ ni kó o gbájú mọ́. Mo ti wò ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ, mi ò tíì fẹ́ràn ìgbà tí obìnrin yẹn bá yíjú wo dígí.

Ojo_Paraku
Bàbá ti gbé e padà sáyé Nóà. Lake Mungo ni tèmi, 2008, láti Ọsirélíà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kú sómi, àwọn òbí àti arákùnrin rẹ̀ wá jókòó síwájú kámẹ́rà, wọ́n ń ròyìn ohun tójú wọn rí nínú ilé lẹ́yìn ìsìnkú. Bí ètò tẹlifíṣọ̀n gan-an ló ṣe rí. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fáwọn òṣèré láti há sórí, bó ṣe wá sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ìdílé kan tó ń ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́ lò ń wò. Kò sẹ́ni tó pariwo. Kò sẹ́ni tó sáré. Ọjọ́ méjì ni mo fi tanná sùn.

Ọ̀dẹ Òru
Skinamarink, 2022! Nǹkan bí 15,000 dọ́là ni Kyle Edward Ball ná, inú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Edmonton, ní Kánádà, ló ti yà á. Ọmọ méjì jí lóru, wọn ò rí bàbá wọn mọ́, ilẹ̀kùn àti fèrèsé sì ń pòórá. Kò ní jẹ́ kó o rí ojú àwọn ọmọ náà dáadáa. Igun ògiri ni, àjà ilé ni, ẹsẹ̀ ọmọdé lórí kápẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n tó ń tàn nínú òkùnkùn.

Ojo_Paraku
Mo sùn.

Ọ̀dẹ Òru
Oò sùn, ojú lo dì.

Ojo_Paraku
Mo hanrun! Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, àjà ilé!

Ọ̀dẹ Òru
Ẹni tó bá ti jí lóru rí nígbà tó wà ní kékeré, tó pe ìyá rẹ̀ tí kò dáhùn, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí iwin fò jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ máa lọ bá Ṣégilọlá.

Agbohùnsílẹ̀
Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe fáwọn tó ń ya fíìmù kéékèèké, mo sì fẹ́ gbè sẹ́yìn Ọ̀dẹ díẹ̀. Kò sówó láti fi kọ́ ẹranko abàmì. Bó o bá fi ọ̀dà àti rọ́bà ṣe é, ẹ̀rín làwọn èèyàn máa fi rín. Ṣùgbọ́n ohùn ẹsẹ̀ kan nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan, ọ̀fẹ́ ni. Mo lè fi bàtà àti pákó ṣe é kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Àìrówó yẹn náà ló ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Torí náà, Ààjìn, nígbà tó o sọ pé íápíìsì máa ń wà létí rẹ, Pontypool (2008) ló wá sí mi lọ́kàn. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn òwúrọ̀ lórí redio, gbogbo fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde nínú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nígboro, etí nìkan lo fi máa gbọ́ ọ, látẹnu àwọn tó ń pè wọ́n lórí fóònù. Àìsàn kan ló ń jà. Bó ṣe ń ràn ni mi ò ní sọ, àmọ́ bó o bá wò ó tán, wàá dúpẹ́ pé èdè tó o gbọ́ ju ẹyọ kan lọ.

Èkejì ni Session 9, 2001. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó asbestos kúrò nínú ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n ti pa tì. Ilé ìwòsàn gidi ni, Danvers ní Massachusetts, wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ báyìí. Ọ̀kan nínú wọn rí téèpù tí wọ́n fi gba ohùn aláìsàn kan sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Àwa tá a ń ṣiṣẹ́ ohùn ò lè gbàgbé téèpù yẹn.

Ààjìn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ méjèèjì sílẹ̀.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì
Fi The Last Broadcast kún un, 1998. Ó ṣáájú The Blair Witch Project tí òkìkí rẹ̀ kàn, 900 dọ́là péré ni wọ́n ná, orí kọ̀ǹpútà inú ilé ni wọ́n sì ti tò ó pọ̀. Ìparí rẹ̀ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ lójú tèmi, ṣùgbọ́n wákàtí àkọ́kọ́ dáa.

Ọ̀dẹ Òru
The Battery (2012) náà, 6,000 dọ́là. Òkú ń rìn káàkiri, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ń gbá baseball tẹ́lẹ̀ ń rìn nínú igbó, ọ̀kan ò sì fẹ́ yọ íápíìsì létí. Bíi tìẹ, Ààjìn.

Ṣégilọlá
Ó dáa, mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ mi. One Cut of the Dead ńkọ́? Jàpáánì, 2017, mílíọ̀nù mẹ́ta yen, owó tiwọn níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì àkọ́kọ́, wọn ò gé kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Agbohùnsílẹ̀
Ẹ̀rín lèyí máa pa á, ẹ̀rù ò ní bà á, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ sí i. Ààjìn, ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ máa dà bí iṣẹ́ àwọn tí kò mọṣẹ́. Má pa á.

Ààjìn
Ẹ kú àná o. Lake Mungo ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ojo, ẹ̀rù ò bà mí tó bó o ṣe sọ, àánú ìyá yẹn ló kàn ń ṣe mí. Bí orúkọ àwọn tó ṣe é ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni mo pa á, mo sùn.

Ojo_Paraku
O pa á nígbà tí orúkọ ń jáde?

Ààjìn
Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé?

Ojo_Paraku
Padà lọ tàn án. Wo gbogbo ẹ̀ tán, má fo ibì kankan.

Ààjìn
Ojo, aago méjì òru ti lù o. Gbogbo iná ilé yìí ni mo ti tàn.