Ẹ sọ tiyín: ìgbà wo lẹ kọtí ikún sí Ọlọ́run?

Ìyá Elérèé, Ìgbọ̀nà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná kí n tó ní kí ẹ sọ tiyín, torí kò dáa kéèyàn máa tú àpò ẹlòmíì kó sì di tiẹ̀ pinpin.

Erèé ni mò ń tà lọ́jà Ìgbọ̀nà, níbí ní Òṣogbo. Olóyin, funfun, gbogbo ẹ̀. Lọ́dún kan, àpò erèé wọ́n lójijì. Mo rí i pé bí mo bá tà á ní iye tí àwọn ará ọjà ń tà á, èrè mi ò ní tó owó ọkọ̀. Mo gbé kóńgò mi tọ ọmọkùnrin kan tó ń lu irin lọ. Ó dojú ẹ̀ bolẹ̀, ó ń fi òòlù kan ìdí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ ikùn sínú. Iṣẹ́ náà ò pẹ́ rárá. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkè, ẹ ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, tí mo bá tọwọ́ bọ inú ẹ̀ kí n tó bu erèé sí i, ìka mi á gun òkè kékeré yẹn, á sì sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Bí ẹ̀kúnwọ́ kan ló ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má baà fura, tìlùtìfọn ni mo fi ń fún wọn ní èènì: "Màmá, ẹ gbà, tiyín rèé o!" Wọ́n á máa súre fún mi. Inú erèé tiwọn náà ni mo ti bu èènì ọ̀hún.

Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Mo wà lẹ́gbẹ́ àwọn ìyá, mo tún wà nínú àwọn aládùúrà. Ọlọ́run sì bá mi sọ̀rọ̀ lórí kóńgò yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, olùkọ́ wa lọ́jọ́ ìsinmi ka Òwe 11:1, pé ìwọ̀n èké, ìríra ni lójú Olúwa. Àyà mi já. Kíá ni mo bojú wo ìyá kan tó ń ta gààrí, mo ní nínú ọkàn mi pé ó yẹ kí èyí gbọ́ o. Ìgbà kejì, ọmọ mi obìnrin ló ń ka Bíbélì nílé, ó kan Deuterónómì 25, ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn má ṣe ní òṣùwọ̀n oríṣi méjì nínú ilé ẹ̀, ńlá àti kékeré. Ó ní, "Màámi, kí ni wọ́n ń pè ní òṣùwọ̀n?" Mo ní kó lọ wo omi tó wà lórí iná.

Kò sí omi kankan lórí iná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá gbé ààwẹ̀ dìde. Ọjọ́ 21, mo gbà á pé. Mò ń jí ní aago méjì òru, mò ń pariwo kí Ọlọ́run ṣíjú àánú wo ọjà mi, débi pé ará ilé kejì kan ògiri. Ariwo yẹn gan-an ni mo fi ń di ara mi létí. Tí mo bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, kóńgò ni mo máa ń rí. Mo sọ ara mi di adití sí Ọlọ́run, mo sì ń pè é ní àdúrà.

Ìyá kan wà tó ń ta mọ́ínmọ́ín nítòsí Òkè-Fíà. Opó ni. Kóńgò mẹ́ta ló máa ń rà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí mi, ó ń ka ìka ọwọ́ ẹ̀: "Ìyá Elérèé, ẹ bá mi wò ó. Tẹ́lẹ̀, kóńgò mẹ́ta á fún mi ní ọgọ́ta mọ́ínmọ́ín. Báyìí kì í pé mọ́. Ó máa ń dín mẹ́fà, nígbà míì méje. Àbí ọwọ́ mi ló ti ń bù ú jù? Àgbà ti ń dé." Kò fura sí mi. Bí ẹni ń fọ̀rọ̀ lọ ọmọ ìyá ẹ̀ ló ṣe ń bi mí. Mo ní, "Erèé ọdún yìí ni kì í wú, màmá."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n ní kí n ka Bíbélì nílé àdúrà, Sekaráyà orí 7. Àwọn èèyàn wá béèrè bóyá kí àwọn ṣì máa gbààwẹ̀ oṣù karùn-ún báwọn ṣe ń ṣe é bọ̀. Ọlọ́run ò dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó bi wọ́n pé ààwẹ̀ oṣù karùn-ún àti oṣù keje tí wọ́n ti gbà fún 70 ọdún, ṣé òun ni wọ́n tiẹ̀ gbà á fún? Ó wá tún ohun tó ti ń sọ tipẹ́ sọ: ẹ má ṣe ni opó lára. Mo ka "opó" sókè létí gbogbo wọn, mo sì rí ìyá yẹn tó ń ka ìka. Nígbà tí mo dé ẹsẹ 11, pé àwọn baba wọn kọ̀, wọ́n gún èjìká, wọ́n di etí wọn, ohùn mi há. Gún èjìká! Ẹ wo ọmọ tí wọ́n fọwọ́ kàn léjìká pé kó dúró, tó gbọn ọwọ́ náà dànù. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ra kóńgò tuntun. Ti tẹ́lẹ̀, mo fi òkúta lù ú pẹlẹbẹ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á lò. Owó erèé mi gòkè, àwọn oníbàárà kan sì fi mí sílẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo lọ bá ìyá náà, mo jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ọwọ́ mi nígbà náà." Mo kó kóńgò mẹ́fà fún wọn. Sákéù agbowó orí inú Bíbélì ṣèlérí láti san ìlọ́po mẹ́rin ohun tó bá rẹ́ jẹ, mi ò tíì débẹ̀. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọn ò tíì padà wá rajà lọ́wọ́ mi. Àwọn yòókù tí mo rẹ́ jẹ, mi ò mọ ojú wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Mẹkáníìkì, ọ̀nà Gbọ̀ngán

Ìyá, ẹ ṣeun. Inú fóònù ni tèmi wà. Ìkìrun ni màmá mi ń gbé, wọn kì í kọ̀wé, ohùn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láràárọ̀. Ẹsẹ Bíbélì kan, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ." Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Tí mo bá ti gbọ́ "Lọ bá" báyìí, mo ti pa á rẹ́.

Wòlíì Josẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC, ẹ́ńjìnnì rólà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ lọ́dún 1928, tí wọ́n fi gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Èmi tí ẹ́ńjìnnì ń kú níwájú mi lójoojúmọ́, mi ò gbọ́. Jeremáyà 36 ló mú mi. Ọba Jehoiakimu jókòó nílé ìgbà òtútù, iná ń jó níwájú ẹ̀. Bí Jehudi bá ti ka ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìwé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí Bárúkù kọ láti ẹnu Jeremáyà, ọba á fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, á sọ ọ́ síná, títí ìwé náà fi jó tán. Mo wo àtàǹpàkò mi tí mo fi ń pa ohùn màmá mi rẹ́, epo ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ̀. Bárúkù tún ìwé náà kọ, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sì lé sí i. Ohùn màmá mi náà ń gùn sí i ni.

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣílẹ̀kùn. Màmá ní kí n tún lọ.

Tíṣà, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ọmọ mi kejì, etí ẹ̀ ò gbọ́ràn láti ìgbà tí mo ti bí i. Bí mo bá fọwọ́ júwe fún un pé kó lọ dá ohun tó mú padà, á lọ dá a padà. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń pe ẹni tó gbọ́ tó sì kọ̀ ní adití, ó máa ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ míì ni Jeremáyà 6:10 lò: etí aláìkọlà, etí tí awọ bò. Ní Máàkù 7, Jésù fa adití kúrò láàárín èrò, ó fìka bọ̀ ọ́ létí, ó mí kanlẹ̀, ó ní "Éfátà," ìyẹn ni pé "Ṣí." Ní orí tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí etí wọn dá ṣáṣá ló wá ń bi pé ẹ ní etí, ẹ ò sì gbọ́?

Ìyá Elérèé, Ìgbọ̀nà

Tíṣà, ẹ má bínú. Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá Mẹkáníìkì, ẹ tún lọ o, a ó máa rántí yín lójú àdúrà.

Lánàá, mo pe ọmọ mi sọ́jà. Mo gbé kóńgò tuntun fún un kí n tó bu erèé sí i, mo ní kó tọwọ́ bọ inú ẹ̀, kó fi ìka wá ìdí ẹ̀ káàkiri. Mo ní, "Òṣùwọ̀n tó o bi mí nìyẹn." Lẹ́yìn náà mo sọ ti àtijọ́ fún un.

Ó bi mí bóyá ìyá onímọ́ínmọ́ín ti mọ̀.