Bí ìlà ọ̀wọ́ngógó bá já wálẹ̀ nínú àwòrán, kí ló dé tí owó ìrẹsì kò já?

Ìyá Onírẹsì, Kúbwà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Kúbwà níbí ni mo ti ń ṣòwò ìrẹsì àti ẹ̀wà, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Yorùbá tí a jọ máa ń fi àwòrán nípa owó àti ọrọ̀ ajé ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp. Mo fẹ́ràn àwọn àwòrán wọ̀nyí púpọ̀, nítorí pé ohun tí ènìyàn ìbá fi odidi wákàtí kan kà ni wọ́n ń fi hàn ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò tíì yé mi títí di òní. Ìlà pupa kan ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n pè ní ìlà ọ̀wọ́ngógó, tí ó ń gòkè láti ọdún 2023, tí ó dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí ó sì já wálẹ̀ lójijì sí 24.48 ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjà ti rọ̀. Èmi tí mo ń wọn ìrẹsì fún àwọn oníbàárà ní mudu-mudu lójoojúmọ́ kò rí ohun tí ó já bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan. Ṣé irọ́ ni àwòrán náà ń pa ni? Kí ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò lára irú rẹ̀ kí ó tó gbà á gbọ́?

Olùkọ́ Ìṣirò, Gwagwalada:

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Nọ́ńbà méjèèjì tí ẹ kọ yẹn péye. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá níbí, ni ó gbé wọn jáde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

Ìlà náà kì í ṣe ìlà iye tí a ń ta ọjà. Ìlà bí owó ọjà ṣe ń yára gòkè sí láàárín ọdún kan ni, ìyẹn ni a ń pè ní ọ̀wọ́ngógó. Ká ní mudu ìrẹsì kan jẹ́ 1,000 náírà. Bí ọ̀wọ́ngógó bá jẹ́ ìdá 34.80, mudu náà yóò di 1,348 náírà lẹ́yìn ọdún kan. Bí ọ̀wọ́ngógó bá wá dín kù sí ìdá 20 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìlà inú àwòrán yóò já wálẹ̀ gidigidi, síbẹ̀ mudu kan náà yóò ti lé ní 1,617 náírà. Àfi bí ìlà náà bá wọ ìsàlẹ̀ òdo nìkan ni a fi lè sọ pé ọjà rọ̀ ju ti èṣí lọ.

Ohun kejì ni ti oṣù Kìíní yẹn gan-an. Ìgbà náà ni àjọ náà yí ìṣirò rẹ̀ padà: ọdún tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi iye ọjà ìsinsìnyí wé, kúrò ní 2009, ó di 2024, àwọn ọjà tí wọ́n ń kà àti ìwọ̀n tí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yí padà pẹ̀lú. Oúnjẹ, tí ó gba ohun tí ó lé ní ìdajì nínú ìṣirò náà tẹ́lẹ̀, wá ń gba nǹkan bí ìdá 40. N kò bá wọn wí pé wọ́n tún un ṣe, nítorí pé ohun tí a ń ná owó lé lórí ní 2009 kọ́ ni a ń ná an lé lórí lónìí. Ẹni tí mo bá wí ni ẹni tí ó ya àwòrán náà, tí ó fi ìlà kan ṣoṣo so ìṣirò àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Ńṣe ni ó yẹ kí ó gé ìlà náà ní oṣù Kìíní, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ìṣirò ti yàtọ̀.

Ayàwòrán, Wúsè:

Olùkọ́ ti sọ ọ́ dáadáa. Yíya irú àwòrán wọ̀nyí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ni iṣẹ́ mi, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ wò ni ẹ̀gbẹ́ àwòrán, níbi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n ń kà: ṣé náírà ni, ṣé dọ́là ni, ṣé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni?

Ẹ wo owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ. Ní 2011, 18,000 náírà ni. Ó di 30,000 ní 2019, ó sì di 70,000 ní 2024. Bí mo bá ya òpó mẹ́ta fún un, òpó kẹta yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìlọ́po mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá rí i yóò sì ní àwọn òṣìṣẹ́ ti là. Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a fi iye tí dọ́là kan jẹ́ pín in: nǹkan bí 155 náírà ní 2011, nǹkan bí 360 ní 2019, nígbà tí ó ti kọjá 1,500 ní 2024, lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà láti oṣù Kẹfà ọdún 2023. Òpó mẹ́ta náà yóò di nǹkan bí dọ́là 116, 83 àti 45. Owó oṣù kan náà ni, òpó kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀kankan.

Ẹ tún máa wo ibi tí òpó ti bẹ̀rẹ̀. Bí òpó méjì bá jẹ́ 95 àti 100, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ wọn láti 90 dípò òdo, èkejì yóò ga ní ìlọ́po méjì lójú. Bákan náà ni àwọn tí ń ya àpò owó: bí àpò kejì bá ga ní ìlọ́po méjì, tí ó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ojú yóò rí.

Ọmọ Ìlọrin ní Kánò:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. William Playfair, ará Scotland, ni ó tẹ irú àwọn ìlà àti òpó wọ̀nyí jáde ní 1786 láti fi ṣàfihàn òwò. Àwòrán róbótó tí a gé sí ìpín-ìpín ni ó gbé jáde ní 1801. Ohun tí ó wú mi lórí ni ìdí tí òpó fi wáyé. Ìṣirò ọdún kan ṣoṣo ni ó rí nípa òwò Scotland pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ mìíràn, ọdún kan kò sì lè di ìlà, ni ó bá to àwọn ilẹ̀ náà ní òpó-òpó.

Ní Kánò níbí láyé àtijọ́, àpò ẹ̀pà ni wọ́n fi ya àwòrán ọrọ̀ tiwọn. Òkè ẹ̀pà kan lè gba tó 15,000 àpò, wọn a tò ó ga títí yóò fi ṣóńṣó, kí ọkọ̀ ojú irin tó wá kó o lọ. Ẹni tí kò kàwé rárá yóò mọ bí ìkórè ọdún náà ṣe rí bí ó bá ti wò ó. Ohun tí òkè náà kò fi hàn ni iye tí àgbẹ̀ gbà lórí àpò kan, nítorí pé àjọ tí ń ra ẹ̀pà ni ó ń dá iye lé e. Ọ̀dá àti àrùn ẹ̀pà ní àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú bí ìjọba ṣe gbájú mọ́ epo rọ̀bì, ni ó gbá òkè wọ̀nyẹn lọ.

Ìyá Onírẹsì, Kúbwà:

Ó ti yé mi wàyí, Ọlọ́run yóò bù kún yín. Ẹ jọ̀wọ́, àwòrán mìíràn tún ní ọrọ̀ ajé Nàìjíríà jẹ́ bílíọ̀nù 510 dọ́là ní 2013, ó sì ya òpó 2024 sí nǹkan bí 243. Ṣé ìdajì ohun tí a ń ṣe ti pòórá ni?

Olùkọ́ Ìṣirò, Gwagwalada:

Rárá, Ìyá wa. Ẹ fi ohun tí Ayàwòrán sọ wò ó. Ní náírà, nǹkan bí tírílíọ̀nù 80 ni ti 2013, ti 2024 sì lé ní 370. Iye náírà sí dọ́là ni ó wó òpó dọ́là lulẹ̀, ọ̀wọ́ngógó sì ni ó wú púpọ̀ nínú òpó náírà. Bílíọ̀nù 510 yẹn fúnra rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, nígbà tí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ ìṣirò láti 1990 sí 2010, tí wọ́n sì wá ka iṣẹ́ fóònù àti fíìmù dáadáa. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 270 ni ìṣirò àtijọ́ ń pè é, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ tuntun kan mọ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa ń pọ̀ sí i, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ti pín sí orí ènìyàn.