Ṣé kòkòrò inú súwímíìn púùlù máa ń gé èèyàn jẹ ni?

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sátidé tó kọjá mo kó àwọn ọmọ lọ lúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbí ní Ifẹ̀, òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ da kẹ́míkà sí i ni, làwọn ọmọ bá wọ inú ẹ̀. Kò pẹ́ rárá ni Kẹ́yìndé figbe ta pé nǹkan ta òun lábẹ́ apá, kí n tó wò ó ojú ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń wú, ó ń sunkún bíi pé oyin ló ta á. Mo wá wo inú omi dáadáa, kòkòrò dúdú kéékèèké ló ń sáré kiri, àwọn kan tiẹ̀ ń fẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́, ikùn wọn lókè. Ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ ní ìròmi lásán ni, pé ìròmi kì í gé èèyàn jẹ. Ara ọmọ ti yá o, ṣùgbọ́n Táyé ò fẹ́ sún mọ́ omi mọ́ rárá. Kí ló ta ọmọ mi?

Afọpúùlù, Iléṣà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ púùlù ni mò ń ṣe ní Iléṣà níbí. Èyí tẹ́ ẹ ní ó ń fẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ yẹn gan-an ló ta á. Backswimmer ni òyìnbó ń pè é. Kòkòrò ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń pa jẹ, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, kì í lé èèyàn o, àmọ́ tó bá há sábẹ́ apá tàbí sínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, tàbí téèyàn fọwọ́ gbá a mú, á gún onítọ̀hún, ó sì máa ń dùn bíi ti oyin lóòótọ́. Ọ̀kan wà tó jọ ọ́ gan-an tó ń dojú bolẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, water boatman, ìyẹn ò kí ń gé èèyàn jẹ. Ìròmi tó ń yí kiri lójú omi náà, tiẹ̀ yàtọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ púùlù kàn ń pe gbogbo ẹ̀ ní ìròmi ni.

Ohun tó ń dùn mí ni kí wọ́n da kẹ́míkà sómi kí wọ́n sì ní ó ti tán. Òkè omi ni kòkòrò yìí ti ń mí, ó máa ń gbé afẹ́fẹ́ mọ́kùn wọ ìsàlẹ̀, torí náà kílóríìnì nìkan kì í tètè pa á, ó tún níyẹ̀ẹ́, tó bá rí iná lálẹ́ á fò wá. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára táìsì ni kí wọ́n bá jà, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha á dànù, kí kílóríìnì wà láàárín 1 sí 3 ppm (ìyẹn ìdá mélòó nínú mílíọ̀nù kan), kí pH, ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí, wà ní 7.2 sí 7.8. Water boatman ń jẹ nǹkan yẹn, backswimmer náà ń pa water boatman jẹ, tí oúnjẹ bá ti tán níbẹ̀ àwọn méjèèjì á wábi gbà. Kí wọ́n máa paná púùlù lálẹ́, kí wọ́n sì máa fi néẹ̀tì kó wọn láàárọ̀ kéèyàn tó wọlé.

Nọ́ọ̀sì Modákẹ́kẹ́:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ojú ibẹ̀, ẹ fi aṣọ wé yìnyín kẹ́ ẹ gbé e lé e, kó má họ ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi kẹrosíìnì pa á. Àmọ́ tí ètè tàbí ojú ọmọ bá ń wú, tàbí èémí ẹ̀ ò já gaara, ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni o, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún kòkòrò tín-ínrín kan tó pupa tó tún dúdú, tó máa ń pọ̀ nídìí gílóòbù lásìkò òjò, Nairobi fly. Ìyẹn ò gé èèyàn jẹ, kò sì ta èèyàn, omi ara ẹ̀ ló ń bó ara téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ pa, ó lè tó ọjọ́ kejì kó tó lé ròrò. Tó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má gbá a.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ti púùlù ṣì kéré o. Èyí tó gé mi jẹ lẹ́sẹ̀ nínú kòtò ẹja wa, ó gùn bí ìka ọwọ́, ó rí bí ewé gbígbẹ, giant water bug ni wọ́n pè é, iná lálẹ́ lòun náà máa ń tẹ̀ lé wá. Ó dùn mí di òru. Mo gbọ́ pé wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Thailand! Àwọn kòkòrò omi dúdú tẹ́yìn wọn le bíi ti yímíyímí ní tiwọn, wọn kì í bá èèyàn jà, tẹ́ ẹ bá dì í mú nìkan ló lè gé yín jẹ.

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹ aṣọ tí Kẹ́yìndé wọ̀ lọ́jọ́ náà wò ni, òkú kòkòrò yẹn há síbi ìránpọ̀ abẹ́ apá ẹ̀ lóòótọ́. Mo ti fi han Táyé, ó ní tí wọ́n bá ti fi néẹ̀tì kó wọn kúrò lójú òun, òun á wọ omi.