Ọdún 24 ní Àpápá, kí n tó mọ iye tí iṣẹ́ ọwọ́ mi tó

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò òróró àgbọn lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ló ń bẹ̀rù owó tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Èmi rí owó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni iye tí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi tó, nítorí láti ọmọ ọdún 25 ni ẹlòmíràn ti ń bá mi díye lé e.

Akọ̀wé owó oṣù ni mí níléeṣẹ́ kan ní Àpápá. Ajárà, ní Àgbádárìgì níbí, nilé wa. Aago mẹ́rin ìdájí, mo ti wà létí títì tí mò ń dúró de ọkọ̀ Mile 2, àwọn ọmọ á sì ti sùn kí n tó wọlé lálẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè wá jọ, wọ́n pín lẹ́tà. Ó parí.

Ẹni ọdún 49 ni mí nígbà náà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé 50 á kọ́kọ́ dúró oṣù mẹ́rin. Bí kò bá ríṣẹ́ mìíràn, ó lè gba 25% nínú owó tó ti kó jọ. Oṣù mẹ́rin yẹn gùn o. Bó bá ti di ọjọ́ 27, ọjọ́ tí owó oṣù wa máa ń wọlé, ojú mi á wà lára fóònù bí ẹni pé àlááàtì báńkì ṣì máa wọlé.

Màmá kan wà ládùúgbò wa, Ẹ̀gùn ni wọ́n, òróró àgbọn ni wọ́n ń sè láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ kọ́ mi níṣẹ́." Wọ́n wò mí. "Ìwọ ìyá ọ́fíìsì?" Wọ́n gbà mí.

Wọ́n kọ́ mi pé kí n máa mi àgbọn sétí kí n tó rà á. Èyí tó ti gbó, omi rẹ̀ á dún. Èyí tí kò tíì gbó, òróró rẹ̀ kì í tó nǹkan. A ó fọ́ ọ, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, a ó fi aṣọ fún un, a ó dé e mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, ọ̀rá á ti léfòó. Ọ̀rá yẹn la ń gbé kaná. Èèpo àgbọn la fi ń dáná, àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ á sì ra èérí àgbọn tí a ti fún. Ìgbà tí a máa sọ ọ́ kalẹ̀ ló le jù: bí omi díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nínú ike, bó bá pẹ́ jù lórí iná, á pọ́n. Màmá kì í wo aago. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: tí ariwo híhó bá ti dákẹ́, omi ti tán nìyẹn.

Àgbọn 10 sí 15 ló ń di lítà kan lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń tà wàràwàrà, inú mi ń dùn, síbẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò ń dínkù. Mo gbé ìwé ìṣirò lọ bá Màmá, mo kà á fún wọn: owó àgbọn láti ọjà Àgbálátà, owó ẹ̀rọ, ike, ọkọ̀.

"Ta ló fọ́ àgbọn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ta ló fún un? Ta ló jókòó ti iná?"

"Èmi náà ni."

"Ta ló wá san owó rẹ̀ fún ọ?"

Mi ò lè dáhùn. Ọdún 24 ni mo fi kọ owó oṣù gbogbo iléeṣẹ́, títí kan ti ẹni tó ń ṣí géètì, orúkọ mi kò sì sí nínú ìwé tèmi. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo fi owó kún òróró. Oníbàárà mẹ́ta lọ, ọ̀kan padà.

Nígbà tó di ọjọ́ 27, mo fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì òróró sí tèmi. Àlááàtì wọlé. Mo pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó.

Àwọn ilé ìtajà ní Festac kò gbà á lọ́wọ́ mi láìní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tó bá ti gbà á rí fún òróró àgbọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín fún mi.