Relay tó ń dún nígbà tí mo ń kọ́ páákéèjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ìrírí àwọn tó di fọ́ǹtì, àwọn tó di géèmù, àti àwọn tó di láíbìrì Python ní páákéèjì (fáìlì tí èèyàn lè fi àṣẹ kan ṣoṣo gbé ètò sórí kọ̀ǹpútà) fún Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, torí pé láíbìrì (àkójọ kóòdù tí ètò mìíràn ń lò) tí mo dì máa ń fọwọ́ kan nǹkan tó wà lóde kọ̀ǹpútà. Ó ń tan iná, ó ń yí mọ́tò, ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Bó bá ṣìṣe, ohun tó máa bàjẹ́ lè má sí lójú kọ̀ǹpútà rárá.

C ni wọ́n fi kọ láíbìrì náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa darí àwọn píìnì GPIO, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín tó tò sí etí bọ́ọ̀dù kékeré, tí èèyàn lè fi wáyà so mọ́ LED, bọ́tìnnì tàbí relay (suwíìṣì tí iná kékeré ń tàn tó sì ń pa). Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹni tó kọ ọ́ ṣe dáadáa sí mi, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún bọ́ọ̀dù mi tò, àfi kí n lọ wá kóòdù rẹ̀ wálẹ̀, kí n tẹ `make`, kí n tẹ `sudo make install`, kí n wá máa gbàdúrà pé kó má lọ tẹ fáìlì mìíràn mọ́lẹ̀. Ó sú mi. Mo ní kí n kúkú dì í ní páákéèjì, kí `apt install` parí ọ̀rọ̀. Mo rò pé òpin ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Mo kọ `debian/control`, mo kọ `debian/rules` tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ torí `dh`, irinṣẹ́ Debian, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, mo tẹ `dpkg-buildpackage`, fáìlì `.deb` jáde. Orí bọ́ọ̀dù tí mo ti kọ́ ọ náà ni mo fi í sí, LED tàn. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ju kóòdù kan náà sínú `sbuild` lórí kọ̀ǹpútà amd64 mi, tí kì í ṣe irú bọ́ọ̀dù yẹn. `sbuild` máa ń kọ́ páákéèjì nínú àyè tó mọ́ tónítóní, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lẹ́yìn àwọn ohun èlò ìkọ́lé àti ohun tí `debian/control` bá béèrè. Kò pẹ́ rárá tó fi ṣubú. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé òun ò dá bọ́ọ̀dù yìí mọ̀. Mo ṣí Makefile, fáìlì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ kóòdù náà, wò. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń fi `grep` ka `/proc/cpuinfo` lásìkò kọ̀ǹpáìlì (ìgbà tí wọ́n ń yí kóòdù padà sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe), láti mọ irú bọ́ọ̀dù tó wà. Bó bá ti mọ̀ ọ́n tán, á wá kan àdírẹ́sì chip bọ́ọ̀dù yẹn mọ́ inú láíbìrì pátápátá.

Mo jókòó ti ìlà yẹn pẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣe aburú lójú ara rẹ̀, torí lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹni tó ń kọ̀ǹpáìlì ló ń lò ó, orí bọ́ọ̀dù kan náà sì ni. Àmọ́ nínú distro bíi Debian, ẹ̀rọ tó ń kọ́ páákéèjì àti ẹ̀rọ tó máa lò ó kì í fojú kan ara wọn. Fáìlì `.deb` kan ṣoṣo tó bá jáde fún arm64 (irú prósésọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù wọ̀nyí) ni gbogbo bọ́ọ̀dù arm64 máa gbà, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe jáde. Kò sí bí sáfà tó wà nínú yàrá kan tí kò ní píìnì kankan létí ṣe máa mọ bọ́ọ̀dù tó wà lórí tábìlì yín. Ìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kéèyàn béèrè.

Páàṣì mi àkọ́kọ́, ìyẹn àtúnṣe kékeré tí mo fi lé kóòdù rẹ̀, kàn gbé ìbéèrè náà kúrò lásìkò kọ̀ǹpáìlì, ó ní kó máa ka `/proc/device-tree/model` nígbà ìlò. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí láíbìrì náà ṣì ń ṣí `/dev/mem`, tó jẹ́ ilẹ̀kùn sí mẹ́mórì ẹ̀rọ, kó lè fúnra rẹ̀ kọ nọ́ńbà sínú chip. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń bá irin sọ̀rọ̀, sì ti ní ọ̀nà tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Linux 4.8, ní 2016, ni `/dev/gpiochip0` àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn fáìlì tí ètò ń gbà darí píìnì, ti wà. Ní 5.10, ní 2020, ẹ̀dà kejì ọ̀nà náà wọlé. Ọ̀nà àtijọ́ inú `/sys/class/gpio` ti di ohun tí àwọn tó ń bójú tó kernel ní ká fi sílẹ̀. Èmi àti ẹni tó kọ láíbìrì fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ó ní `/dev/mem` yára jù, òótọ́ sì ni. A wá fẹnu kò sí i pé `/dev/gpiochip` ni kó kọ́kọ́ lò, kí ẹni tó bá nílò eré yẹn gan-an fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí relay.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń kọ́ páákéèjì náà lórí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, torí mo fẹ́ rí i bó ṣe ń ṣe níbi tí píìnì wà. Mo ti gbàgbé pé relay kan ṣì wà lórí GPIO17, ìyẹn píìnì kọkànlá, relay tó ń tan pọ́ọ̀ǹpù omi kékeré kan. Mo gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo rò pé wáyà ló tú, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Mo tún tẹ `dpkg-buildpackage`. Gbogbo ìlà ń kọjá lójú tẹ́mínà, kò sí ohun kan. Bí `make check` ṣe yọjú báyìí, kẹ́, kẹ́, kẹ́, omi sì dà sílẹ̀ nídìí tábìlì.

Ara mi bù máṣọ. Mi ò sọ fún un pé kó dán ohunkóhun wò. `dh` ló rí i pé Makefile ní ìdánwò, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe fún gbogbo páákéèjì: ó ṣe ìdánwò náà. Ìdánwò ọ̀hún a máa gbé GPIO17 sókè, a máa gbé e sílẹ̀, a sì máa kà á padà. Nínú `sbuild` lórí amd64 kò rí píìnì kankan, ó ń fo ara rẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fura. Omi tèmi, rágì ni mo fi nù ún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá tẹ `apt source`, tó sì tún un kọ́ lórí bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ ìgbóná tàbí mọ́tò wà lára rẹ̀, orúkọ mi ló máa bá nínú `debian/changelog`.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ `override_dh_auto_test`, ìlà inú `debian/rules` tó ń pààrọ̀ ìdánwò tí `dh` ń ṣe. Àwọn ìdánwò tí kò kan píìnì nìkan ló kù lásìkò kọ̀ǹpáìlì. Àwọn tó kù, mo gbé wọn lọ sórí `gpio-sim`, módù inú kernel láti Linux 5.17, ní 2022, tó máa ń dá chip ayédèrú sílẹ̀ nínú mẹ́mórì. Ẹ lè fún un ní iye ìlà tó wù yín, kí ẹ fi orúkọ sí wọn, kí ẹ máa gbé wọn sókè sódò láìsí wáyà kankan. Ó ń béèrè root (àṣẹ alábòójútó ẹ̀rọ), ó sì ń fẹ́ kí wọ́n gbé módù wọ inú kernel, nítorí náà kò ṣeé ṣe lórí sáfà ìkọ́lé. Inú `debian/tests/control` ni mo fi í sí, pẹ̀lú `needs-root` àti `isolation-machine`, kó lè jẹ́ inú ẹ̀rọ àfarawé tó dá dúró nìkan ló ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń di ohunkóhun tó ń fọwọ́ kan irin, ẹ kọ́kọ́ ka fódà ìdánwò rẹ̀ kí ẹ tó ka nǹkan mìíràn.

Ti àṣẹ ìlò náà tún wà. Makefile àtijọ́ máa ń fi irinṣẹ́ rẹ̀ sí `/usr/local/bin` pẹ̀lú 4755, ìyẹn setuid root, tó ń jẹ́ kí ètò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ root ẹnikẹ́ni tó bá pè é, kí olùlò má baà máa tẹ `sudo`. Setuid root tó ń ṣí `/dev/mem` túmọ̀ sí pé àṣìṣe kékeré kan nínú kóòdù yẹn lè fi gbogbo ẹ̀rọ lé ẹni tí kò yẹ lọ́wọ́. `lintian`, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe nínú páákéèjì, pariwo, ó sì tọ̀nà. Mo yọ ọ́. Mo fi ìlà kan sínú fáìlì udev, tó ń pinnu ẹni tó lè lo ohun èlò ẹ̀rọ:

`SUBSYSTEM=="gpio", KERNEL=="gpiochip*", GROUP="gpio", MODE="0660"`

Mo sì ní kí páákéèjì dá ẹgbẹ́ `gpio` sílẹ̀ bí kò bá sí. Mi ò fi ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀; onílé ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu ẹni tó máa fọwọ́ kan píìnì òun. Ìwé ẹ̀sùn mẹ́ta àkọ́kọ́ tó dé, "Permission denied" ni gbogbo wọn. Àwọn èèyàn náà ti fi ara wọn sínú ẹgbẹ́, wọn ò tíì jáde kí wọ́n tún wọlé. Mo kọ ọ́ sínú `README.Debian`, ẹ̀sùn náà dín kù.

Ti ìwé àṣẹ kóòdù kò gba àkókò púpọ̀: fáìlì méjì péré ni wọn ò kọ láísẹ́ǹsì sí lórí, mo béèrè, ẹni tó ni wọ́n kọ ọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà.

Èyí tó fẹ́ mú mi jáwọ́ ni SONAME, orúkọ ẹ̀dà láíbìrì, tó yẹ kó yí padà nígbà tí ètò àtijọ́ kò bá lè lo tuntun mọ́. Lẹ́yìn tí páákéèjì ti wọlé, ẹ̀dà kékeré kan jáde lọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ fọ́ńkíṣọ̀n kankan kò yí padà, `dpkg-gensymbols` ò rí àléébù, mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹta, ẹnì kan kọ̀wé pé bọ́tìnnì òun ń sọ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo. Mo wá a títí. Wọ́n ti fi field tuntun kan há àárín struct (àkójọ dátà tó tò tẹ̀léra) tí àwọn olùlò ń ṣẹ̀dá fúnra wọn. Ètò tí wọ́n ti kọ̀ǹpáìlì tẹ́lẹ̀ ṣì ń ka ibi tí nọ́ńbà wà tẹ́lẹ̀, ohun tó sì wà níbẹ̀ báyìí ti di nǹkan mìíràn. Orúkọ nìkan ni `dpkg-gensymbols` ń ṣọ́, kì í wo inú struct. `abidiff`, irinṣẹ́ tó ń fi ẹ̀dà méjì wéra, ló fi ìlà náà hàn mí, mo sì ti ń lò ó kí n tó fi ẹ̀dà kankan ránṣẹ́ látìgbà náà.

Ẹ wo bí libgpiod, láíbìrì GPIO mìíràn, ṣe ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà 2.0 jáde ní 2023, tí wọ́n tún gbogbo ojú rẹ̀ ṣe, `libgpiod.so.2` di `libgpiod.so.3`. Ní Debian, `libgpiod2` di `libgpiod3`, àwọn méjèèjì sì lè jókòó sórí ẹ̀rọ kan náà láìjà. Àtijọ́ ń bá àtijọ́ lọ, tuntun ń bá tuntun lọ. Lẹ́tà tí mo kọ sí ẹni tó kọ láíbìrì mi gùn, àpẹẹrẹ yìí ni mo sì fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun kan ṣì wà tó ń bí àwọn olùlò nínú: nọ́ńbà. Ẹni tó ti ń kọ 17 sínú `/sys/class/gpio/export` lórí Raspberry Pi gbé kernel rẹ̀ dé 6.6, ó wá rí i pé ohun tó ń jẹ́ 17 ti di 529, torí kíkà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti 512. Lórí Pi 5, chip RP1 ló ń darí píìnì etí bọ́ọ̀dù, `gpiochip4` ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀rẹ̀, kí àyípadà kernel tó gbé e lọ sí `gpiochip0`. Orúkọ ìlà ni mo ń gba gbogbo èèyàn nímọ̀ràn láti lò. Ẹ tẹ `gpioinfo`, ẹ wá "GPIO17" níbẹ̀, kí ẹ fi orúkọ yẹn pè é nínú kóòdù yín.

Ẹni tó kọ láíbìrì náà dá mi lóhùn lẹ́yìn oṣù kan. Ó ti gbé struct ọ̀hún kúrò nínú header (fáìlì tí àwọn olùlò ń rí), olùlò á kàn máa gba pointer, ìyẹn àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan, kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ó gbé SONAME sókè, ó yọ ìlà `/proc/cpuinfo` kúrò, ó sì gba ìdánwò `gpio-sim` sínú kóòdù tirẹ̀. Páàṣì mọ́kànlá ló wà nínú `debian/patches` kó tó dá mi lóhùn. Mo paárẹ́ mẹ́jọ lọ́jọ́ tí ẹ̀dà tuntun náà jáde, mo sì kọ́ ọ lórí bọ́ọ̀dù kan náà, pẹ̀lú relay kan náà lórí GPIO17. Mo dúró tì í títí `make check` fi kọjá. Kò dún.