Ẹ gbà mí o: jambalaya mi ń di tuwó, dọ́là 30 péré ló kù lọ́wọ́ mi

Ẹni tó bèèrè (LaPlace, Louisiana)
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń bá jambalaya jà, ìrẹsì Louisiana tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ẹran àti sọ́séèjì nínú ìkòkò kan, irú ti àwọn Cajun, èyí tó máa ń ní àwọ̀ búráùn, kì í ṣe ti New Orleans tí wọ́n ń fi tòmátò sè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́. Àkọ́kọ́ di tuwó. Ìkejì funfun báláú. Ìkẹta, ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó ní "jollof tí wọ́n gbàgbé ata sí nìyí", ó ti abọ́ sẹ́yìn, ó lọ rẹ gàrí. Mo sunkún ní kíṣìnnì lọ́jọ́ náà.

Owó tó ń ṣòfò ló ń dùn mí jù. Wọ́n ní LaPlace yìí ni olú ìlú andouille, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan, lágbàáyé, síbẹ̀ mi ò lè ra sọ́séèjì náà kí àpò mi má jò. Mo ra páálí méjì, mo tún ra edé. Wọ́n sì ti gé wákàtí iṣẹ́ mi kù láti oṣù tó kọjá, ọ̀gá ò sọ ìdí. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ tún wò mí lójú, ó ní ẹni tí wọn ò bá bí sí Louisiana ò lè sè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ sè é. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?

Ìyá Ìbejì, Houston
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. O sọ ti ọkọ, o sọ ti ọ̀gá, o ò sọ irú ìrẹsì tí o lò, o ò sọ ìkòkò, o ò sọ iye ẹni tó máa jẹ ẹ́. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?

Àǹtí Fúnkẹ́
Ó ṣe èmi náà rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Shreveport, mo se gumbo, ọbẹ̀ Louisiana kan, fún àwọn ìyá ìjọ wa, mo da ẹ̀gúsí sí i kó lè ki. Wọn ò bá mi wí, ṣùgbọ́n ìkòkò náà kún padà sílé. Ọdún kẹta ni mo tó mọ̀ ọ́n sè. Fi sùúrù ṣe é.

Bọ̀dá Dàpọ̀
Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Se jollof fún wọn. Àwọn kan ní jollof ló bí jambalaya.

Mọ́mì Tómi
Bọ̀dá, ẹ má sọ ọ́ báyẹn. Àwọn Cajun jẹ́ ọmọ àwọn Acadian, àwọn Faransé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Nova Scotia ní Kánádà láti 1755. Ọwọ́ Faransé wà nínú oúnjẹ yẹn, ọwọ́ Sípéènì wà níbẹ̀.

Bọ̀dá Dàpọ̀
Ta ló mọ iṣẹ́ oko ìrẹsì ní Louisiana nígbà náà? Ṣebí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà Senegal ni. Ẹ má gba tiwọn kúrò lọ́wọ́ wọn.

Alhaja, Atlanta
Ẹ fi ìjà yẹn sílẹ̀, ọmọ yìí ń sunkún. Ọmọ mi, yọ sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kúrò, fi itan adìyẹ se é. Owó ẹ á ṣẹ́ kù.

Ẹni tó bèèrè
Ẹ ṣé, mà. Ìrẹsì tí a ń jẹ nílé náà ni. Mo kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, mo ṣàn án, kí n tó dà á sínú omi ẹran, omi kọ́ọ̀pù méjì sí ìrẹsì kọ́ọ̀pù kan. Ìkòkò mi ni irú èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Èèyàn mẹ́jọ ló máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Alhaja, mi ò lè yọ sọ́séèjì. Sọ́séèjì yẹn gan-an ni bàbá fẹ́ràn.

Ìyá Ìbejì, Houston
Àṣírí ti tú. Ìrẹsì tí o ti bọ̀ tẹ́lẹ̀, tí o tún fún lómi púpọ̀, kí ni kò ní di tuwó? Má bọ̀ ọ́. Ìrẹsì gígùn, kọ́ọ̀pù 3, omi kọ́ọ̀pù 5, ó tó èèyàn mẹ́jọ.

Ìkòkò yẹn ló mú kó funfun. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ló ń fún jambalaya láwọ̀. Wá ìkòkò irin. Din itan adìyẹ nínú òróró díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi pọ́n dáadáa, yọ ọ́, kí o din sọ́séèjì. Lẹ́yìn náà, àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta. Má kánjú níbí. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni èmi fi ń din àlùbọ́sà. Bó bá ti ń lẹ̀, ta omi díẹ̀ sí i, kí o fi ṣíbí igi ha ìdí ìkòkò, kó tún lẹ̀, kí o tún ha á. Ìgbà tó bá búráùn dénú ni kí o tó da tàtàṣé tútù àti sẹ́lérì sí i, kí ááyù tẹ̀ lé e. Dá adìyẹ padà, bu omi sí i, kó hó, kí o tó da ìrẹsì tí o ti ṣàn sí i. Dé e pa, dín iná kù. Má rò ó! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

Mọ́mì Tómi
Bàbá wo? Bàbá ọkọ rẹ ni?

Ẹni tó bèèrè
Rárá, mà. Bàbá aládùúgbò wa ni, Cajun ni wọ́n. Nígbà tí ìjì Ida jà lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ 2021, òrùlé wa ṣí, iná ò sì sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bàbá yìí gbé ìkòkò síta, wọ́n se jambalaya fún gbogbo òpópónà wa. Ọmọ mi kékeré ń jẹ ìyà lọ́jọ́ náà, oúnjẹ yẹn ló kọ́kọ́ jẹ yó. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Oṣù tó kọjá ni àìsàn ọkàn dá wọn dùbúlẹ̀, ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn sílẹ̀ ni. Ọjọ́ ìbí wọn ni Sátidé, wọ́n máa pé 75. Dókítà ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, ṣùgbọ́n mo rò pé oúnjẹ ọjọ́ kan ò lè ṣe nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ṣun
Sísítà! Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí o fi bẹ̀rẹ̀! Ẹ̀ka ọkàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ oníyọ̀ ọjọ́ kan lè fa omi sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ lára, kó dá a padà sí ọsibítù. Páálí andouille méjì, magí, èròjà Creole inú agolo: iyọ̀ ni gbogbo wọn. Ka ẹ̀yìn agolo yẹn, iyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ṣáájú.

Bọ̀dá Dàpọ̀
Kó lo tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan dípò andouille.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ṣun
Iyọ̀ ni wọ́n fi ń rẹ ìyẹn náà, Bọ̀dá. Kò sì gbọdọ̀ ra iyọ̀ àfirọ́pò tí wọ́n fi potassium ṣe, torí ó lè lòdì sí oògùn ọkàn.

Súnbọ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò ka gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n magí mẹ́rin ni àṣírí ẹ̀.

Alhaja, Atlanta
Súnbọ̀, lọ ka ohun tí wọ́n kọ sókè!

Ẹni tó bèèrè
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Èmi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe bàbá léṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ gbogbo rẹ̀, kí ló máa dùn níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Houston
Àlùbọ́sà tó pọ́n yẹn ló máa dùn. Se egungun àti awọ adìyẹ fún omi ẹran, láìsí iyọ̀. Ata gígún, ata dúdú, ááyù, táìmù, ewé bay, àti paprika tí wọ́n fi èéfín yan, tó máa mú òórùn sọ́séèjì wá. Kò ní gbà ọ́ ju ogún dọ́là lọ.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ṣun
Kọ́kọ́ pe ìyàwó wọn. Òun ló mọ ohun tí dókítà gbà wọ́n láyè láti jẹ.

Ẹni tó bèèrè
Mo ti pe màmá. Wọ́n ní òórùn andouille gan-an ni bàbá ń wá, kì í ṣe ẹran rẹ̀, kí n má ra á mọ́. Mo ní mi ò ní ìkòkò irin. Wọ́n ní èyí tí wọ́n gbé síta nígbà Ida ṣì wà ní gáràjì, kí ọkọ mi wá bá mi gbé e lọ́la, torí ó wúwo.